Omi Ewé Tí Mo Gbé Káàkiri

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù láyé ni omi tó mọ́ gaara. Ẹ lè rẹ́rìn-ín, àwọn ọmọ mi náà máa ń rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá bu omi fún mi nínú ife, tí mo gbé e sókè tí mò ń wò ó síwá sẹ́yìn, wọ́n á ní, "Màmá ti tún bẹ̀rẹ̀." Wọn ò mọ̀ pé ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ níbi tó jẹ́ pé bí omi bá mọ́, nǹkan ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ìjọ wa níhìn-ín ní Ìkọ̀lé ló ní kí àwa tí a ti fẹ̀yìn tì kọ ìtàn iṣẹ́ wa sílẹ̀, kí àwọn tó ń wá iṣẹ́ tí wọn yóò ṣe lè rí nǹkan kà. Tísà kan ti kọ tirẹ̀, nọ́ọ̀sì kan ti kọ tirẹ̀, àwọn méjèèjì sì kọ ọ́ dáadáa. Èmi ẹja ni mo tọ́jú. Ẹni tó bá ń wá iṣẹ́ tí aṣọ rẹ̀ á máa funfun títí di ìrọ̀lẹ́, kí ó tètè ṣí ojú ewé mìíràn.

Fọláṣadé lorúkọ mi, ṣùgbọ́n Ìyá Tóyìn ni gbogbo ènìyàn ń pè mí. Orin-Èkìtì ni wọ́n ti bí mi, ìlú yìí ni mo ti lọ́kọ. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan gbẹ́ adágún ẹja márùn-ún sẹ́bàá odò kékeré kan lójú ọ̀nà Òkè-Àkò. Wọ́n ń wá obìnrin tí yóò máa fọ àwọ̀n àti korobá, mo lọ, wọ́n gbà mí. Owó oṣù ibẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń ròyìn, nítorí náà ẹ jẹ́ ká kọjá níbẹ̀.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ni Bàbá Fádípẹ̀, ọmọ Ìlúpéjú. Kí ó tó padà sílé, ó ti ṣiṣẹ́ l'Ékòó fún ọ̀pọ̀ ọdún, nínú ọkọ̀ ojú omi tó máa ń lọ bu omi láàárín agbami òkun, tí wọ́n á gbé e wálé láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, ṣòkòtò péńpé kan náà ló ń wọ̀ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, kì í sì í rẹ́rìn-ín kí oúnjẹ ọ̀sán tó wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Mo bẹ̀rù rẹ̀ ju bí mo ti bẹ̀rù bàbá tó bí mi lọ.

Ọjọ́ kejì tí mo débẹ̀, ó mú mi lọ sétí adágún àkọ́kọ́. Ó ní, "Ki ọwọ́ bọ omi."

Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́.

"Tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ kí ó máa wò ọ́. Máa tì í wọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí o kò bá rí i mọ́, dúró."

Mo dúró. Omi náà ti kan ìgúnpá mi. Bàbá wò ó, ó mi orí. Ó ní bí àtẹ́lẹwọ́ bá pòórá nígbà tí omi bá dé ìgúnpá, omi náà dára. Bí omi bá kọjá ìgúnpá tí mo ṣì ń rí ọwọ́ mi, ebi ń pa omi. Bó bá sì pòórá nígbà tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọrùn ọwọ́, omi ti yó jù, ewu wà. Ó mú kí n ṣe é nínú adágún márààrún, ó ní kí n tún un ṣe, ó tún ní kí n tún un ṣe, títí awọ ọwọ́ mi fi hunjọ. Gbogbo àárọ̀ ni mo sì ṣe é láti ọjọ́ náà, òjò ìbá à rọ̀, ọyẹ́ ìbá à mú.

"Ìyá Tóyìn, má tan ara rẹ," bó ṣe wí nìyẹn. "Ẹja kọ́ lò ń tọ́jú. Omi lò ń tọ́jú. Omi yìí rí bí ewé tútù nítorí pé àwọn ewé wà nínú rẹ̀ tí ojú kò lè rí, wọn ò lóǹkà. Àwọn ni oúnjẹ ẹja, àwọn náà ló ń ṣe afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí sínú omi nígbà tí oòrùn bá ràn. Bí àwọn bá kú, ẹja ti kú."

Omi ewé ni a ń pè é lẹ́nu iṣẹ́ wa.

Òfin Bàbá kò pọ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó le tó ti korobá. Adágún kọ̀ọ̀kan ní korobá tirẹ̀, a so àkísà aláwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ mọ́ ọwọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Korobá pupa kò gbọdọ̀ wọ adágún aláwọ̀ búlúù láéláé. Lọ́jọ́ kan mo kánjú, mo fi korobá adágún kejì bu omi nínú ẹ̀kẹta. Bàbá gbà á lọ́wọ́ mi, ó dà á sílẹ̀, ó ní kí n fi iyọ̀ fọ̀ ọ́, kí n sá a sóòrùn fún ọjọ́ mẹ́ta. Kò bá mi sọ̀rọ̀ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Ìgbà tí ọ̀sẹ̀ pé ló pè mí jókòó.

"Ohun kan wà nínú omi," ó ní, "tí a kò lè pè ní alààyè, tí a kò sì lè pè ní òkú."

Mo ní, "Iwin ni, sà?"

"Kì í ṣe iwin. Fáírọ́ọ̀sì ni. Ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí awò tí a fi ń wo kòkòrò kò fi lè rí i. Bí o bá bu ṣíbí kan nínú omi òkun, èyí tó wà nínú ṣíbí yẹn ju gbogbo ènìyàn Èkìtì lọ. Á sùn sínú omi, kò jẹ, kò mu. Ọjọ́ tó bá kan ewé tó jẹ́ ti ìran tó ń bá jà, á wọnú rẹ̀, á fi inú rẹ̀ ṣe irú ara rẹ̀, títí ewé náà á fi bẹ́. Ọ̀pọ̀ á jáde níbi tí ẹyọ kan wọlé sí, gbogbo wọn á tún máa wá ewé mìíràn."

Mo bi í pé kí ló dé tí gbogbo òkun kò tíì kú.

Ó ní, "Nítorí pé òkun nílò wọn. Ìran ewé tó bá pọ̀ jù, tó fẹ́ gba gbogbo ilẹ̀, òun ni wọ́n ń mú balẹ̀, kí ìran mìíràn lè ráàyè. Ohun tó bá dà jáde lára èyí tó bẹ́, àwọn kòkòrò kéékèèké á jẹ ẹ́, ayé ń lọ. Ojoojúmọ́ ni ikú yẹn ń ṣẹlẹ̀ lókun, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ igbe rẹ̀. Ṣùgbọ́n òkun tóbi. Adágún tiwa yìí kò tó nǹkan. Bí wọ́n bá dé ibí, gbogbo ewé inú rẹ̀ lè lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

"Wọ́n lè pa ènìyàn, sà?"

"Ti ewé ni, ewé ló mọ̀. Kò mọ̀ ọ́ rárá."

Ìdajì ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbà gbọ́. Láti ọjọ́ náà, bí omi adágún bá ta sí mi lẹ́nu, n óò tu itọ́ títí ọ̀fun mi á fi gbẹ. Bí mo bá délé, n óò wẹ̀ kí n tó gbé ọmọ. Ẹ̀rù ohun tí mi ò rí bà mí ju ẹ̀rù ejò tí mo máa ń rí létí odò lọ.

Ẹ wáá gbọ́ ìwà òmùgọ̀ tí mo hù pẹ̀lú gbogbo ẹ̀rù yẹn.

Ìyá mi ní Orin ń ṣe fùfú tà. Gbogbo ẹni tó bá ti rẹ ẹ̀gẹ́ rí mọ̀ pé bí ọyẹ́ bá mú, ẹ̀gẹ́ kì í tètè rọ̀. Ohun tí ìyá mi máa ń ṣe ni kí ó bu omi lára èyí tó ti rọ̀, kí ó dà á sórí tuntun. Ọjọ́ méjì péré, ẹ̀gẹ́ ti rọ̀ pẹ̀sẹ̀. Gbogbo obìnrin àdúgbò wa ló ń bu omi yẹn lọ́wọ́ ara wọn, kò sẹ́ni tí í sọ pé rárá. Mo dàgbà bá a bẹ́ẹ̀, mi ò rò ó wò pé ewu kan lè wà nínú rẹ̀.

Lọ́dún díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, ọyẹ́ kan mú tó le gan-an. A ti fa omi adágún kẹrin gbẹ, a tún da omi tuntun sí i, a da ìgbẹ́ adìẹ sí i, omi náà kọ̀ kò ní ewé. Bàbá lọ sí Ìdó fún ìsìnkú, ó lo ọjọ́ mẹ́rin níbẹ̀. Mo wo adágún àkọ́kọ́ tó rí bí ewé ẹ̀fọ́, mo wo ẹ̀kẹrin tó funfun, ẹ̀gẹ́ ìyá mi sọ sí mi lọ́kàn. Mo bu kẹ́ẹ̀gì méjì lára àkọ́kọ́, mo dà á sínú ẹ̀kẹrin. Kí Bàbá tó dé, àwọ̀ ti ń wọ omi. Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó mi orí, ó ní, "Ìgbẹ́ adìẹ ọ̀tẹ̀ yìí dára." Inú mi dùn, mo dákẹ́.

Ẹ rí i, bí ó bá ṣe pé ó bàjẹ́ lọ́jọ́ yẹn ni, ǹ bá ti jáwọ́. Kò bàjẹ́. Ó ju ọdún kan lọ tí mo fi ń ṣe é ní kọ̀rọ̀. Bí adágún kan bá ti ṣe bí ẹni pé ó fẹ́ rẹ̀, n óò dúró kí Bàbá kọjá sí ìdí àwọn ẹja ìyá tó ń yé ẹyin, n óò gbé kẹ́ẹ̀gì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní ọlọ́wọ́ tútù. Mo gbà pé òótọ́ ni.

Ọyẹ́ ọdún kejì ló gbẹ̀san. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, mo ki ọwọ́ bọ adágún àkọ́kọ́, mo rí i pé ojú omi ti ń pọ́n díẹ̀ bíi tíì, ìfòfó sì wà létí rẹ̀. Mo rí i dáadáa. Mo ní eruku ọyẹ́ ni. Ìkejì, ìkẹta àti ìkẹrin nílò omi ewé kí àwọn àgbẹ̀ tó wá kó ọmọ ẹja, mo bá bu láti ibẹ̀, mo pín in fún wọn. Ìkarùn-ún nìkan ni mi ò kàn. Adágún oní-sìmẹ́ńtì ni, ibẹ̀ ni àwọn ẹja ìyá wà, Bàbá fúnra rẹ̀ ló ń tọ́jú rẹ̀, korobá rẹ̀ kì í sì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo rí ìsàlẹ̀ adágún àkọ́kọ́. Mo rí ẹrẹ̀, mo rí òkúta, mo rí pákó kan tí a ti ń wá láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹpìyà inú rẹ̀ wà lójú omi, gbogbo wọn ló ya ẹnu, wọ́n ń gba afẹ́fẹ́ òkè. Wọn ò sá nígbà tí òjìji mi bọ́ lù wọ́n. Mo kígbe pe Bàbá, Bàbá sáré dé, a fi korobá ń gbọ́n omi sókè kí afẹ́fẹ́ lè wọ̀ ọ́, asán ni. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ikùn funfun ló kún ojú omi. Lọ́jọ́ Ẹtì, adágún kejì àti ẹ̀kẹta mọ́. Lọ́jọ́ Ẹtì yẹn náà ni ojú omi ẹ̀kẹrin bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n bíi tíì, a sì ń wò ó tí a ò lè ṣe nǹkan kan.

Òórùn rẹ̀ dé Ìkọ̀lé. Àwọn obìnrin tó ń pọn omi nísàlẹ̀ odò da omi wọn nù, wọ́n ń sáré wálé pẹ̀lú àmù òfìfo. Tóyìn ọmọ mi ti mu nínú omi odò yẹn lọ́jọ́ kan ṣáájú. Ojú rẹ̀ ni mò ń wò ṣáá, mò ń fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀ bóyá ó gbóná. Kò gbóná. Ṣùgbọ́n mi ò lè jẹun.

Ní gbogbo agbègbè wa, bí ẹja bá kú lódò, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń dárúkọ, gamalíìnì, oògùn kòkó tí àwọn ìkà ẹ̀dá máa ń dà sódò láti fi kó ẹja. Kò pẹ́ tí wọ́n fi wá ẹni tó dà á. Kọ́lá ni.

Kọ́lá ló ń fún ẹja lóúnjẹ. Ọmọ Òkè-Àkò ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, mo fi bí ọdún mẹ́wàá jù ú lọ. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, Bàbá bú u lójú àwọn oníbàárà pé ọ̀lẹ ni, inú bí i, ó sọ̀rọ̀ kan tí gbogbo wa gbọ́: "Ẹ máa fún ọ̀n lóúnjẹ fúnra yín, ká wò ó bóyá ọ̀n á yè." Ọ̀rọ̀ ìbínú lásán ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹja kú, kò sẹ́ni tó rántí nǹkan mìíràn.

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì náà ni wọ́n mú un lọ sílé Alága ẹgbẹ́ wa, wọ́n ní kò gbọdọ̀ jáde. Àwọn kan ti gbá a létí kí Alága tó dé. Alága bi í lójú gbogbo wa, "Kọ́lá, ìwọ lo ṣe uṣẹ́ ibi yìí?"

"Éè ṣe èmi, sà."

"Ta wá ni?"

Kọ́lá gbójú sókè. Ó wo gbogbo wa yíká, ojú rẹ̀ bá tèmi, ó sì tún gbójú sílẹ̀. Ó ní, "Mi éè mọ̀, sà."

Bàbá Fádípẹ̀ nìkan ló gbèjà rẹ̀. Ó ní, "Bí ó bá ṣe gamalíìnì ni, kí ló dé tí ọ̀pọ̀lọ́ ṣì ń ké? Àrọ̀ tó wà láàárín àwọn ẹpìyà, kí ló dé tí wọn ò kú? Àrọ̀ lè gba afẹ́fẹ́ òkè mí, ìdí nìyẹn. Kò sí májèlé níbí. Afẹ́fẹ́ omi ló tán, nítorí pé ewé omi ló kú." Wọ́n ń wò ó bí ẹni tí ọjọ́ orí ti ń dà láàmú. Alága ní ọjọ́ Ajé ni ọlọ́pàá yóò wá mú Kọ́lá. Bí Bàbá bá ní ẹ̀rí, kí ó mú un wá kí ọjọ́ náà tó pé.

Bàbá wá ṣe ohun tó kọ́ nínú ọkọ̀ òkun. Ó bu omi ewé tó dára nínú adágún karùn-ún sínú ìgò ńlá mẹ́ta, ó fi bírò fa ìlà sí ibi tí omi dé lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò fi nǹkan kan sí ti àkọ́kọ́. Ó bu omi tó mọ́ nínú adágún tó kú, ó sẹ́ ẹ nínú àsẹ́ omi mímu tó ní òpó amọ̀ funfun nínú, èyí tí ewé tàbí kòkòrò kò lè là kọjá, àfi fáírọ́ọ̀sì. Ó fi ṣíbí kan lára rẹ̀ sínú ìgò kejì. Ó se ìyókù títí ó fi hó, ó jẹ́ kó tutù, ó fi ṣíbí kan sínú ìkẹta. Ó ní bí ó bá jẹ́ májèlé, ṣíbí kan kò lè ran odindi ìgò, bí a sì sè é, májèlé á ṣì jẹ́ májèlé. Bí ìgò kejì nìkan bá mọ́, ohun tó ń bí sí i, tí iná ń pa, ló wà nínú rẹ̀. Ó gbé wọn sí ojú fèrèsé ọ́fíìsì, ó ti ilẹ̀kùn, ó kó kọ́kọ́rọ́ fún mi.

"Ìwọ ni mo fọkàn tán," bó ṣe wí nìyẹn. "Ohun tó kù tí kò yé mi ni bí ó ṣe fo láti adágún kan sí òmíràn. Korobá kọ̀ọ̀kan ló ní àyè tirẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹyẹ ni, àbí ọwọ́ ènìyàn ni? Bí ìgò bá ti sọ̀rọ̀ tán, a ó wádìí ìyẹn."

Mo so kọ́kọ́rọ́ náà mọ́ etí ìró mi.

Ọjọ́ Ìsinmi, gbogbo ènìyàn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní orí ń fọ́ mi. Mo lọ ṣílẹ̀kùn ọ́fíìsì, mo jókòó ti àwọn ìgò náà. Àkọ́kọ́ dúdú bí ewé, ìkẹta bẹ́ẹ̀. Ìkejì ti ń rẹ̀. Mo fi ìka mi sẹ́yìn ìgò, mo rí ìka mi. Mò ń gbọ́ orin ṣọ́ọ̀ṣì láti ọ̀nà jíjìn, mò ń rò ó pé bí ìgò yìí bá mọ́, Bàbá á béèrè ọwọ́ ènìyàn, ọwọ́ yẹn sì rèé lórí itan mi. Wọ́n á lé mi. Wọ́n á pè mí ní ẹni tó pa ẹja ìlú. Wọ́n lè fà mí lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, kí ọmọ mẹ́ta máa wá ìyá wọn kiri. Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn ìyẹn, n óò sọ ọ́ kí n tó parí ìwé yìí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, Alága dé pẹ̀lú àwọn àgbà ẹgbẹ́, ọlọ́pàá méjì sì dé. Wọ́n mú Kọ́lá wá, ojú rẹ̀ wú. Mo ṣí ilẹ̀kùn. Ìgò kejì mọ́ gaara bí omi òjò, ìdọ̀tí díẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn méjì tó kù ṣì dúdú bí ewé. Bàbá ṣàlàyé fún wọn lẹ́ẹ̀kan, ó tún un ṣàlàyé. Alága gbé ìgò náà sókè sí oòrùn, ó ń yí i.

Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ìlà bírò. Ó ní, "Ta ló fi omi kún èyí? Omi ti kọjá ìlà."

Mo wólẹ̀ sórí orúnkún mi níwájú gbogbo wọn. Mo sọ ti kẹ́ẹ̀gì. Mo sọ ti ẹ̀gẹ́ ìyá mi, mo sọ ti ọdún tó kọjá, mo sọ ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí mo rí ìfòfó tí mo ní eruku ni. Mo ní, "Èmi ni, Bàbá. Ọwọ́ mi ni." Nígbà tí Alága tún béèrè omi inú ìgò, mo ní mo rí i pé ó gbẹ díẹ̀ ni mo fi bu omi kún un. Wọ́n gbà bẹ́ẹ̀.

Wọ́n fi Kọ́lá sílẹ̀. Èmi ṣì wà lórí orúnkún tí ó fi bá mi níbẹ̀, ó fà mí dìde. Mi ò lè wo ojú rẹ̀.

"Ìyá Tóyìn, mo mọ̀," ó ní. "Gbogbo ìgbà tí ẹ ń gbé kẹ́ẹ̀gì ni mò ń rí yín. Mo rò pé omi àdúrà ni. Ìgbà tí ẹja kú, éè yé mi mọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ mẹ́ta wà nínú ulé yín, èmi éè tíì bí. Mo ní kí n dákẹ́."

Bàbá Fádípẹ̀ kò lé mi. Ó ní ẹni tó ti rí i lójú ara rẹ̀ kò tún ní í ṣe é mọ́, ṣùgbọ́n gbogbo òṣìṣẹ́ tuntun tó bá dé, èmi ni yóò sọ ìtàn náà fún un kí ó tó fọwọ́ kan korobá. Mo sọ ọ́ títí ó fi sú mi. A fa omi adágún mẹ́ta gbẹ, a sá wọn sóòrùn. Ìkẹrin, Bàbá ní kí a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí a wò ó. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ewé mìíràn yọ nínú rẹ̀ fúnra rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹja tí a kó sí i sì dàgbà dáadáa. Bàbá ní, "Ìran tó ti gba gbogbo ilẹ̀ ló lọ, ìran mìíràn ráàyè. Ohun tí mo máa ń rí lókun nìyẹn." Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ rí i tí ó rẹ́rìn-ín kí ọ̀sán tó pọ́n.

Iṣẹ́ náà yí padà lójú mi. Agbọ̀n tí a fi ń gbé ọmọ ẹja di náílọ́ọ̀nù tí a fún afẹ́fẹ́ sí. Wọ́n ra ẹ̀rọ kékeré kan tó ń lo bátìrì, tí a ń tì bọ omi, tí yóò sì sọ iye afẹ́fẹ́ tó wà nínú rẹ̀. Fóònù alágbèéká dé, àwọn àgbẹ̀ Ìlúpéjú kò ní láti gun ọ̀kadà wá mọ́ kí wọ́n tó mọ̀ bóyá ọmọ ẹja wà. Ọmọ Bàbá tó wà lókè òkun fi àwòrán kan ránṣẹ́, fáírọ́ọ̀sì irú èyí tó ń pa ewé omi, èyí tí wọ́n fi awò ńlá yà. Ó ní igun yíká, ó dára wò. Mo ti rò pé yóò ní eyín. Nígbà tí Bàbá dolóògbé, wọ́n fi mí sípò rẹ̀, mo sì wà níbẹ̀ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Pẹ̀lú ẹ̀rọ, mo ṣì ń ki ọwọ́ bọ omi ní àárọ̀, nítorí bátìrì máa ń kú.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ omi, ẹ wá ṣe é, iṣẹ́ iyì ni. Ẹ bi ọ̀gá yín ní ìdí òfin kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì máa bi í títí yóò fi yé yín.

Kọ́lá ti padà sí Òkè-Àkò, ó ń dá oko. Ọdún mẹ́wàá ni a tún jọ ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn, kò fi í sọ mí lójú lọ́jọ́ kan. Ọmọbìnrin rẹ̀ wà nínú ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ wa, mo mọ̀ pé yóò ka èyí fún un.

Kọ́lá, omi inú ìgò kò gbẹ. Lọ́jọ́ Ìsinmi yẹn, mo lọ bu omi ewé nínú adágún karùn-ún, mo dà á sínú ìgò kejì kí ó lè padà dúdú, kí ìdájọ́ lè wà lórí rẹ. Nígbà tí mo tilẹ̀kùn, ó dúdú. Mo rò pé ó ti parí. Mi ò mọ̀ pé oúnjẹ ni mo fún ohun tó wà nínú rẹ̀, tí yóò sì jẹ ẹ́ tán kí ilẹ̀ tó mọ́. Òun ló gbà ọ́ lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Èmi kọ́.